Kọ́kọ́rọ́ Nìkan Kò Tó: Ibi Tí Irọ́ Ti Ń Wọ Inú Àròpọ̀ Àwọn Sẹ́ńsọ̀

Ẹni tó bá ń ta ẹ̀rọ tí ń wọn nǹkan lóde òní, ìbáà jẹ́ èyí tí wọ́n ń rì mọ́lẹ̀ nínú oko láti mọ̀ bóyá ilẹ̀ ti gbẹ, ìbáà jẹ́ mítà iná tí ń fi rédíò bá iléeṣẹ́ sọ̀rọ̀, gbólóhùn kan wà tí kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀: "Ẹ má mikàn, a ti fi kọ́kọ́rọ́ tì í, ẹnikẹ́ni ò lè ka ohun tó ń sọ." Ọ̀pọ̀ oníbàárà á gbọ́ èyí, ọkàn wọn á sì balẹ̀. Àwọn tí ọkàn wọn ò balẹ̀ pàápàá kì í mọ ohun tó yẹ kí wọ́n béèrè.

Gbólóhùn yẹn lè jẹ́ òótọ́ pọ́ńbélé, kí òǹkà tó dé iwájú olóko sì jẹ́ irọ́. Kọ́kọ́rọ́ ń dí ẹni tó fẹ́ yọjú wo ọ̀rọ̀ lọ́wọ́. Kò sọ nǹkan kan nípa ẹni tó ń ṣe ìṣirò lójú ọ̀nà, kò sì mọ̀ bóyá ẹ̀rọ tó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ń sọ ohun tó rí. Ibi tí wọ́n ti ń ro òǹkà pọ̀ sì ni irọ́ ti rọrùn jù láti wọlé, torí pé bí a bá ti rò wọ́n pọ̀ tán, a ò rí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn mọ́. Àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ti ń bá ìṣòro yìí jà láti nǹkan bí ọdún 2001. Ẹ jẹ́ ká tú u díẹ̀díẹ̀.

Kí ni sẹ́ńsọ̀, báwo ni wọ́n sì ṣe ń bára wọn sọ̀rọ̀?

Sẹ́ńsọ̀ ni ẹ̀rọ kékeré tó lè mọ ohun kan nípa àyíká rẹ̀, bí ìgbóná, ọ̀rinrin, ìmọ́lẹ̀ tàbí mímì ilẹ̀, tó sì ń sọ ọ́ di òǹkà. Bí a bá fọ́n ogún, ọgọ́rùn-ún tàbí ẹgbẹ̀rún wọn ká sí ibì kan, tí olúkúlùkù ní rédíò kékeré lára, tí wọ́n sì ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ara wọn títí tí ọ̀rọ̀ náà á fi dé ọ̀dọ̀ kọ̀ǹpútà ńlá kan, nẹ́tíwọ̀kì sẹ́ńsọ̀ nìyẹn. Kọ̀ǹpútà ńlá yẹn ni mo máa pè ní ibùdó nínú àlàyé yìí.

Èyí tó lókìkí jù nínú àwọn àkọ́kọ́ wà ní Great Duck Island, erékùṣù kékeré kan létí òkun ìpínlẹ̀ Maine ní Amẹ́ríkà. Ẹyẹ òkun kan tí wọ́n ń pè ní Leach's storm petrel máa ń gbẹ́ ihò sínú ilẹ̀ níbẹ̀ láti yé ẹyin sí. Àwọn onímọ̀ nípa ẹyẹ fẹ́ mọ bí inú ihò ṣe rí tọ̀sántòru, ṣùgbọ́n bí èèyàn bá ń ti ọwọ́ bọ ihò ẹyẹ lójoojúmọ́, ẹyẹ lè kọ ẹyin rẹ̀ sílẹ̀. Lọ́dún 2002, àwọn olùwádìí láti Yunifásítì California ní Berkeley àti ilé ìwádìí Intel, pẹ̀lú àwọn ará College of the Atlantic, kó sẹ́ńsọ̀ 32 lọ síbẹ̀, àwọn kan nínú ihò, àwọn kan lórí ilẹ̀. Àwọn ẹ̀rọ yẹn ń wọn ìgbóná, ọ̀rinrin àti ìmọ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ wọn ń dé ibùdó tó wà ní erékùṣù náà, ibùdó sì ń fi sátẹ́láìtì gbé e bọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Bátìrì AA méjì, irú èyí tí a ń kì sínú rìmóòtù, ni sẹ́ńsọ̀ kọ̀ọ̀kan ń lò. Mẹ́mọ́rì tó fi ń ṣiṣẹ́ kò ju báìtì 4,096 lọ. Fọ́tò kan ṣoṣo lórí fóònù yín lè gba ìlọ́po ẹgbẹ̀rún rẹ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí òun ló máa ṣàlàyé ìdí tí ọ̀pọ̀ ààbò tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa lórí kọ̀ǹpútà kò fi ṣeé gbé wá síbí.

Kí ló dé tí wọn ò fi gbogbo òǹkà ránṣẹ́ bó ṣe wà?

Nítorí bátìrì ni. Nínú iṣẹ́ tí Jason Hill àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Berkeley gbé jáde lọ́dún 2000, wọ́n fi hàn pé agbára tí irú ẹ̀rọ yìí ń ná láti fi bíìtì kan ṣoṣo ránṣẹ́ lórí rédíò tó agbára tó lè fi ṣe ìṣirò kéékèèké 800 sí 1,000. Bíìtì kan ni ohun tó kéré jù lọ tí kọ̀ǹpútà lè sọ: òdo tàbí ení. Ìṣirò pọ́ọ́kú ni fún sẹ́ńsọ̀, ọ̀rọ̀ sísọ ló wọ́n.

Ẹ wá ro ti àwọn sẹ́ńsọ̀ tó sún mọ́ ibùdó. Bí gbogbo òǹkà bá gbọ́dọ̀ gba ọ̀dọ̀ wọn kọjá, àwọn ló máa gbé ẹrù gbogbo ará ẹ̀yìn. Bátìrì wọn á kọ́kọ́ kú, tí wọ́n bá sì kú, àwọn tó wà lókèèrè ò ní rí ẹni gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn mọ́, kódà bí bátìrì tiwọn bá ṣì kún.

Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń ro òǹkà pọ̀ lójú ọ̀nà. Lọ́dún 2002 kan náà, Samuel Madden àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Berkeley gbé ìlànà kan jáde tí wọ́n pè ní TAG. Ìlànà náà to àwọn sẹ́ńsọ̀ bí igi: ibùdó ni gbòǹgbò, àwọn tó jìnnà jù ni ewé. Ewé fi òǹkà rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹni tó wà lókè rẹ̀. Ẹni yẹn ro gbogbo ohun tó gbà mọ́ tirẹ̀, ó sì fi àròpọ̀ kan ṣoṣo ránṣẹ́ sókè.

Ẹni tó bá ti tẹ̀ lé bí wọ́n ṣe ń kó èsì ìbò jọ ní Nàìjíríà ti mọ ètò yìí láìmọ̀ pé òun mọ̀ ọ́n. Nígbà ìbò ààrẹ ọdún 2023, ibùdó ìdìbò 176,846 ni INEC ní. Kò sẹ́ni tó kó ìwé ìbò gbogbo wọn lọ sí Àbújá. Ibùdó ìdìbò kọ̀ọ̀kan ka tirẹ̀, ó kọ ọ́ sórí fọ́ọ̀mù EC8A. Wọ́ọ̀dù ro ti àwọn ibùdó ìdìbò pọ̀, ìjọba ìbílẹ̀ ro ti wọ́ọ̀dù, ìpínlẹ̀ ro ti ìjọba ìbílẹ̀, Àbújá wá ro ti ìpínlẹ̀. Ìwé tó ń gòkè ń dín kù bó ṣe ń lọ. Bí ọ̀rọ̀ ṣe ń dín kù lórí rédíò àwọn sẹ́ńsọ̀ náà nìyẹn.

Ohun kan wà tó máa ń dẹkùn mú ẹni tó bá kọ́kọ́ gbìyànjú èyí. Bí ibùdó bá fẹ́ mọ ìpíndọ́gba, a kì í fi ìpíndọ́gba ránṣẹ́ sókè. Ká ní sẹ́ńsọ̀ mẹ́ta ní ẹ̀ka kan wọn ìgbóná 27, 29 àti 31, tí ẹ̀ka kejì sì ní sẹ́ńsọ̀ kan ṣoṣo tó wọn 25. Ìpíndọ́gba ẹ̀ka kìíní jẹ́ 29, ti ìkejì jẹ́ 25. Bí ibùdó bá pín méjèèjì dọ́gba, á rí 27. Irọ́ ni. Àròpọ̀ òǹkà mẹ́rin náà jẹ́ 112, ìpíndọ́gba rẹ̀ sì jẹ́ 28. Nítorí náà nǹkan méjì ni ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ń fi ránṣẹ́: àròpọ̀ àti iye sẹ́ńsọ̀ tó dá sí i. Ẹ̀ka kìíní sọ pé "87, ẹni mẹ́ta", ìkejì sọ pé "25, ẹnì kan".

Ta ni ọ̀tá, kí ló sì lè ṣe?

Oríṣi mẹ́ta ló wà, ó sì yẹ ká yà wọ́n sọ́tọ̀, torí pé àṣìṣe tó pọ̀ jù ni kí èèyàn ra oògùn ẹnì kan fún àìsàn ẹlòmíràn.

Ẹni àkọ́kọ́ kàn ń tẹ́tí ni. Rédíò kì í mọ ẹni tó ń gbọ́ ọ. Ẹnikẹ́ni tó bá wà nítòsí pẹ̀lú ẹ̀rọ tó bá a mu lè gbọ́. Ẹnì kejì ń dá sí ọ̀rọ̀: ó lè yí òǹkà padà lójú ọ̀nà, ó lè dá ọ̀rọ̀ tiẹ̀ sílẹ̀, ó sì lè gba ọ̀rọ̀ àná sílẹ̀ kó tún un sọ lónìí, kí ibùdó lè rò pé ilẹ̀ ṣì tutù nígbà tó ti gbẹ. Ẹnì kẹta ló burú jù, torí pé ó ti wọ inú ilé: ó ti jí sẹ́ńsọ̀ kan gbé.

Kò sì ṣòro láti jí. Inú oko, inú igbó, ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ni wọ́n ń gbé wọn sí, láìsí ẹ̀ṣọ́. Lọ́dún 2005, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Colorado ní Boulder fi hàn bó ṣe rọrùn tó láti yọ ohun tó wà nínú sẹ́ńsọ̀ tí wọ́n bá rí mú, títí kan kọ́kọ́rọ́ tó ń fi ti ọ̀rọ̀. Bí gbogbo nẹ́tíwọ̀kì bá ń pín kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo lò, ẹni tó jí ẹ̀rọ kan ti ní gbogbo rẹ̀ nìyẹn.

Ẹni tó bá ti wọlé báyìí ní ọgbọ́n púpọ̀ lọ́wọ́. Chris Karlof àti David Wagner, ní Berkeley náà, to ọ̀pọ̀ nínú wọn jọ lọ́dún 2003. Ó lè máa pariwo lórí rédíò pé òun lòun sún mọ́ ibùdó jù, kí gbogbo aládùúgbò lè máa gbé òǹkà wọn wá fún un. Ó lè fi orúkọ ogún jẹ́ ogún sẹ́ńsọ̀ nígbà tó jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo. Ó lè gba òǹkà ẹni mẹ́wàá kó gbé ti mẹ́jọ sọnù, láìpurọ́ nípa méjì tó kù. Bó bá sì di pé òun gan-an ló ń ro òǹkà pọ̀ ní ẹ̀ka ńlá kan, kò nílò ọgbọ́n kankan mọ́: ó kàn máa kọ òǹkà tó bá wù ú ni.

Bí wọ́n bá ti fi kọ́kọ́rọ́ tì í, kí ló tún kù?

Kọ́kọ́rọ́ tí à ń sọ yìí ni òǹkà àṣírí tí a fi ń yí ọ̀rọ̀ padà di àdììtú, tó fi jẹ́ pé ẹni tí kò ní òǹkà àṣírí náà kò lè yí i padà sí bó ṣe wà. Ó ní ẹnì kejì tó máa ń bá a rìn, tí mo máa pè ní òǹtẹ̀: òǹkà kúkúrú tí a fi kọ́kọ́rọ́ ṣírò láti inú ọ̀rọ̀, tí a so mọ́ ìdí rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá yí lẹ́tà kan péré padà nínú ọ̀rọ̀ náà, òǹtẹ̀ ò ní bá a mu mọ́. Àdììtú ló ń dá ẹni tó ń tẹ́tí dúró; òǹtẹ̀ ló ń tú àṣírí ẹni tó ń yí ọ̀rọ̀ padà. Bí a bá tún fi nọ́ńbà tí ń gòkè sí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹni tó ń tún ọ̀rọ̀ àná sọ ti bọ́ sọ́wọ́ nìyẹn.

Àwọn irinṣẹ́ yìí ti wà fún sẹ́ńsọ̀ ó pẹ́. Adrian Perrig àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé SPINS jáde lọ́dún 2001. Lọ́dún 2004, TinySec tẹ̀ lé e, tí òǹtẹ̀ rẹ̀ kò ju báìtì mẹ́rin lọ kó má bàa jẹ bátìrì. Iṣẹ́ tó dára ni. Ọ̀tá kìíní àti ìkejì ni wọ́n ṣe é fún.

Àmọ́ ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí a mú àròpọ̀ wọ inú ọ̀rọ̀. Ẹni tó fẹ́ ro òǹkà pọ̀ gbọ́dọ̀ rí òǹkà. Tí sẹ́ńsọ̀ kọ̀ọ̀kan bá ti ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún ẹni tó wà lókè rẹ̀ nìkan, ẹni yẹn á ṣí i, á rò ó pọ̀, á tún un tì, á gbé e sókè. Nínú ọwọ́ rẹ̀, gbogbo òǹkà wà ní ìhòòhò. Bí ó bá jẹ́ ọ̀tá kẹta, kò sí àdììtú tàbí òǹtẹ̀ tó máa dá a dúró, torí pé kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́nà ẹ̀tọ́. Tí sẹ́ńsọ̀ bá sì ti ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún ibùdó nìkan, alákòójọ, ìyẹn sẹ́ńsọ̀ tó ń ro òǹkà pọ̀ láàárín ọ̀nà, ò lè rí i, ṣùgbọ́n kò lè rò ó pọ̀ náà. Gbogbo òǹkà á tún máa gòkè lọ́kọ̀ọ̀kan, bátìrì á tún máa kú.

Ṣé èèyàn lè ro ohun tí kò rí?

Ó lè ṣe é. Èyí ló dùn mọ́ mi jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, kò sì ju ìṣirò ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ. Claude Castelluccia, Einar Mykletun àti Gene Tsudik ló gbé e kalẹ̀ fún sẹ́ńsọ̀ lọ́dún 2005.

Ká padà sọ́dọ̀ sẹ́ńsọ̀ wa mẹ́ta, 27, 29 àti 31. Olúkúlùkù ní òǹkà àṣírí tí òun àti ibùdó nìkan mọ̀: ẹni àkọ́kọ́ ní 412, ìkejì ní 655, ìkẹta ní 790. Òfin kan wà: bí ìdáhùn bá lé ní 999, ẹ yọ ẹgbẹ̀rún kúrò, ẹ mú ìyókù. Sẹ́ńsọ̀ kọ̀ọ̀kan ro òǹkà àṣírí mọ́ ìgbóná tó wọ̀n. Wọ́n fi 439, 684 àti 821 ránṣẹ́. Ẹni tó gbọ́ 439 lórí rédíò kò lè mọ̀ bóyá 27 ló wà nínú rẹ̀ tàbí 3, torí pé kò mọ 412.

Alákòójọ ro mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ láìmọ ohun tó wà nínú wọn: 1,944. Ó yọ ẹgbẹ̀rún, ó ku 944, ó gbé e sókè. Ibùdó mọ òǹkà àṣírí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àròpọ̀ wọn jẹ́ 1,857, ó yọ ẹgbẹ̀rún, ó ku 857. Ó mú 857 kúrò nínú 944, ó sì rí 87. Àròpọ̀ ìgbóná gan-an nìyẹn, alákòójọ kò sì mọ nǹkan kan nípa ẹnikẹ́ni.

Ó ní ohun tó ń béèrè. Òǹkà àṣírí gbọ́dọ̀ yí padà ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá lo 412 lẹ́ẹ̀mejì, ẹni tó ń tẹ́tí lè bẹ̀rẹ̀ sí í rí iye tí ìgbóná fi gòkè tàbí wálẹ̀. Ibùdó sì gbọ́dọ̀ mọ àwọn tó sọ̀rọ̀ ní ìgbà kọ̀ọ̀kan. Bí sẹ́ńsọ̀ kejì bá dákẹ́, tí ibùdó ò mọ̀, tó ṣì yọ 655, ìdáhùn rẹ̀ á di rádaràda.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ihò tó wà nínú rẹ̀. Ká ní ọ̀tá kan wà lójú ọ̀nà tí kò ní kọ́kọ́rọ́ kankan. Ó gba 944, ó fi 100 kún un. Ìdáhùn jẹ́ 1,044, ó yọ ẹgbẹ̀rún, ó fi 44 ránṣẹ́. Ibùdó fẹ́ mú 857 kúrò nínú 44, kò tó, ó yá ẹgbẹ̀rún kan, ó rí 187. Ìpíndọ́gba ti fò láti 29 dé 62. Kò sí àṣírí tó tú. Kò sí kọ́kọ́rọ́ tí ẹnikẹ́ni jí. Ohun tó jẹ́ kí alákòójọ lè ro ohun tí kò rí náà ló jẹ́ kí ọ̀tá lè bu irọ́ lé ohun tí kò rí. Ẹni tó bá ní àdììtú rẹ̀ dára tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi nílò nǹkan míì, ẹ fi ìṣirò yìí hàn án.

Báwo ni wọ́n ṣe ń mú alákòójọ tó ń purọ́?

Ẹ jẹ́ ká padà sí ibi ìbò. Bí alákòójọ wọ́ọ̀dù bá kọ òǹkà tó wù ú, kí ló lè tú u fó? Èsì tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ògiri ní ibùdó ìdìbò, àti ẹ̀dà fọ́ọ̀mù EC8A tó wà lọ́wọ́ àwọn aṣojú ẹgbẹ́. Ohun tó jẹ́ kí àwọn ará ìlú bínú tó bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ 25 oṣù kejì ọdún 2023 nìyẹn, nígbà tí fọ́tò èsì ìbò ààrẹ kò tètè hàn lórí IReV, ojú òpó tí INEC ní àwọn á máa gbé wọn sí. INEC ní ìṣòro ẹ̀rọ ló fà á. Ohun tí àwọn èèyàn ń béèrè fún kì í ṣe àròpọ̀, wọ́n ti gbọ́ àròpọ̀. Ohun tí wọ́n fi lè yẹ àròpọ̀ wò ni wọ́n ń wá.

Bartosz Przydatek, Dawn Song àti Adrian Perrig fi irú ètò bẹ́ẹ̀ fún sẹ́ńsọ̀ lọ́dún 2003. SIA lorúkọ rẹ̀. Alákòójọ ò ní fi àròpọ̀ nìkan ránṣẹ́; ó gbọ́dọ̀ fi èdìdì kan tì í lẹ́yìn, èyí tó máa so ó mọ́ gbogbo òǹkà tó sọ pé òun gbà. Lẹ́yìn náà ni ibùdó á wá mú díẹ̀ nínú wọn láìsọ tẹ́lẹ̀, á ní kó fi wọ́n hàn.

Èdìdì yìí ni àwọn oníkọ̀ǹpútà ń pè ní hash. Ìṣirò kan ni tó ń gba ọ̀rọ̀ gígùn tàbí kúkúrú, tó sì ń dá òǹkà kan padà tí gígùn rẹ̀ kì í yí padà. Ẹ yí àmì kan padà nínú ọ̀rọ̀, èdìdì á yí padà pátápátá. Kò sì sí bí èèyàn ṣe lè rí ọ̀rọ̀ méjì tó ní èdìdì kan náà láìlo iye ọdún tí kò sẹ́ni tó ní. Ralph Merkle ló ronú lọ́dún 1979 pé a lè to èdìdì bí igi: ẹ ṣe èdìdì òǹkà kọ̀ọ̀kan, ẹ so méjì méjì pọ̀, ẹ ṣe èdìdì àwọn yẹn, ẹ máa gòkè títí á fi ku ẹyọ kan ní orí. Ẹyọ yẹn ni alákòójọ ń fi ránṣẹ́. Láti ìgbà tó bá ti fi í ránṣẹ́, kò lè yí òǹkà kankan padà nísàlẹ̀ mọ́ láìjẹ́ pé orí yí padà.

Àgbà ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ ni pé ibùdó kò nílò láti rí gbogbo òǹkà. Bí òǹkà bá jẹ́ 1,024, tí ibùdó sì ní "fi ẹni 300 hàn mí", alákòójọ á fi òǹkà yẹn ránṣẹ́ pẹ̀lú òǹtẹ̀ tí sẹ́ńsọ̀ 300 fúnra rẹ̀ tẹ̀ sí i, àti èdìdì mẹ́wàá péré lójú ọ̀nà láti ibẹ̀ dé orí. Ibùdó lè fi ìwọ̀nyẹn ṣe ìṣirò náà fúnra rẹ̀, kó wò ó bóyá orí kan náà ló dé. Ká ní alákòójọ yí ìdá kan nínú mẹ́wàá àwọn òǹkà padà. Bí ibùdó bá mú 44 yẹ̀ wò láìsọ tẹ́lẹ̀, ìgbà tí irọ́ náà lè sá mọ́ ọn lójú kò tó ẹ̀ẹ̀kan nínú ọgọ́rùn-ún. Bó bá jẹ́ òǹkà kan ṣoṣo ló yí padà, ó ṣeé ṣe kí ibùdó má rí i, àmọ́ òǹkà kan nínú ẹgbẹ̀rún kì í sábà ba ìpíndọ́gba jẹ́ tí a bá ti fi ààlà sí bó ṣe lè tóbi tó.

Haowen Chan, pẹ̀lú Perrig àti Song, gbé e síwájú lọ́dún 2006 fún ibi tí alákòójọ ti wà lórí alákòójọ. Níbẹ̀, kì í ṣe ibùdó ló ń yẹ nǹkan wò. Sẹ́ńsọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń wo igi èdìdì láti mọ̀ bóyá òǹkà tòun wà nínú rẹ̀ bó ṣe sọ ọ́. Tí ó bá wà, á dáhùn pẹ̀lú òǹtẹ̀ kan tó túmọ̀ sí "mo rí tèmi". Wọ́n tún ń da àwọn òǹtẹ̀ yẹn pọ̀ lójú ọ̀nà di ẹyọ kan. Bí ẹnì kan ṣoṣo bá kọ̀ láti fọwọ́ sí i, àpapọ̀ ò ní bá ohun tí ibùdó ń retí mu.

Bí sẹ́ńsọ̀ fúnra rẹ̀ bá ń purọ́ ńkọ́?

Níbí ni gbogbo kọ́kọ́rọ́, òǹtẹ̀ àti èdìdì ti parí iṣẹ́ wọn. Ẹni tó bá mú ṣáná, tó ṣá a sí ẹ̀gbẹ́ sẹ́ńsọ̀ ìgbóná, kò jí nǹkan kan. Ẹ̀rọ náà sọ òótọ́ ohun tó rí, ó tẹ òǹtẹ̀ tó péye sí i, alákòójọ rò ó bó ṣe yẹ, irọ́ sì dé ibùdó pẹ̀lú gbogbo ìwé ẹ̀rí rẹ̀.

David Wagner gbé ìbéèrè yìí yẹ̀ wò lọ́dún 2004, ìdáhùn rẹ̀ sì rọrùn: ọ̀nà tí a gbà ń ro òǹkà pọ̀ gan-an lè jẹ́ ààbò tàbí kó jẹ́ ihò. Ẹ mú sẹ́ńsọ̀ mẹ́sàn-án: 26, 27, 28, 28, 29, 29, 30, 30, 31. Ìpíndọ́gba wọn jẹ́ 28.7. Ẹ jẹ́ kí ọ̀kan nínú àwọn tó wọn 29 purọ́ pé 500 lòun rí. Ìpíndọ́gba di 81. Ẹnì kan nínú mẹ́sàn-án ti dáná sun oko nínú ìwé. Àmọ́ bí a bá tò wọ́n láti kékeré sí ńlá, tí a mú èyí tó wà ní àárín gan-an, 29 ni kí irọ́ tó dé, 29 náà ni lẹ́yìn tó dé. Láti lè gbé òǹkà àárín lọ síbi tó bá wù ú, ọ̀tá gbọ́dọ̀ ní tó ìdajì àwọn sẹ́ńsọ̀ lọ́wọ́.

Ọ̀nà míì ni kí a fi ààlà sí ohun tí a lè gbà gbọ́. Bí a bá ní kò sí ilẹ̀ oko tó máa gbóná ju 60 lọ, onírọ́ yẹn ò ní lè sọ ju 60, ìpíndọ́gba á sì dúró ní 32. Ó ṣì jẹ́ irọ́, ṣùgbọ́n irọ́ tó níwọ̀n ni. Èyí tó burú jù ni kí a máa béèrè òǹkà tó ga jù lọ, torí ẹnì kan ṣoṣo tó ń purọ́ ló ni ìdáhùn.

Kí ló dé tí gbogbo ayé ò fi máa lo òǹkà àárín nígbà náà? Torí pé kò ṣeé kó jọ lójú ọ̀nà bí àròpọ̀. Àárín ẹ̀ka kan àti àárín ẹ̀ka kejì kò lè sọ àárín gbogbo wọn fún wa. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ di dandan kí òǹkà gòkè lọ́kọ̀ọ̀kan, tàbí kí a gba ìdáhùn tó sún mọ́ ọn. Ohun mìíràn tún wà tó máa ń jẹ́ kí n ṣọ́ra fún àwọn tó ń yin ọ̀nà yìí jù: nígbà tí iná bá ṣẹ́ lóòótọ́ ní igun oko kan, sẹ́ńsọ̀ tó sọ ohun tí kò bá ti àwọn yòókù mu ni olóòótọ́. Ẹ̀rọ tí a fẹ́ fi ṣọ́ iná kò gbọ́dọ̀ gbé òǹkà tó yàtọ̀ sọnù. Ó sàn kó bi àwọn aládùúgbò sẹ́ńsọ̀ náà léèrè, kó sì dúró wò wọ́n fún ìṣẹ́jú díẹ̀, torí iná tòótọ́ kì í dúró sójú kan.

Níbo ni èyí ti kan ẹni tí kò ní oko?

Mítà iná ni. Mítà tí ń ròyìn iná tí ilé ń lò ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lè sọ ìgbà tí onílé jí, ìgbà tó jáde, àti ìgbà tí ilé ṣófo. Lọ́dún 2009, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà ní Netherlands kọ̀ láti fọwọ́ sí òfin tó fẹ́ fi dandan mú gbogbo ilé gba irú mítà bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ àṣírí ilé onílé sì wà lára ìdí rẹ̀. Òfin tó wá jáde lẹ́yìn náà fún onílé láǹfààní láti kọ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, láti mọ iye iná tó yẹ kó wọ àdúgbò kan, àròpọ̀ àdúgbò nìkan ti tó.

Fóònù náà wà nínú ẹ̀. Lọ́dún 2017, Keith Bonawitz àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Google gbé ọ̀nà kan jáde láti ro ohun tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún fóònù kọ́ pọ̀ láìwo ti ẹnikẹ́ni. Fóònù méjì méjì á fohùn ṣọ̀kan lórí òǹkà àṣírí kan. Ọ̀kan á fi í kún tirẹ̀, èkejì á yọ ọ́ kúrò nínú tirẹ̀. Bí a bá ro gbogbo wọn pọ̀, ohun tí a fi kún àti ohun tí a yọ pa ara wọn rẹ́. Èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà dá lórí ohun tó yẹ kó ṣẹlẹ̀ nígbà tí bátìrì fóònù kan bá kú láàárín ìṣirò, tí òǹkà àṣírí ẹnì kejì rẹ̀ sì ṣẹ́ kù láìrí ohun tó máa pa á rẹ́.

Nítorí náà, bí ẹni tó ń ta ẹ̀rọ bá tún ní "a ti fi kọ́kọ́rọ́ tì í", ẹ bi í: ta ló ń ro òǹkà pọ̀, ṣé ó ń rí wọn bó ti ń rò wọ́n? Tó bá yí ọ̀kan padà, kí ló máa tú u fó? Bí sẹ́ńsọ̀ kan bá ya wèrè, báwo ni àpapọ̀ á ṣe yí padà tó? Bí ẹnì kan bá sì hú ọ̀kan nínú ilẹ̀ lóru òní tó gbé e lọ sílé, ṣé kọ́kọ́rọ́ ẹ̀rọ kan ló lọ, àbí ti gbogbo oko?